Ojú Ni Ìyá Onítìmùtìmù Ní Kí Wọ́n Wò

Ká ní ọ̀rọ̀ ẹnu ń pa èèyàn ni, ìdajì àdúgbò ni Ìyá Onítìmùtìmù ì bá ti sin. Obìnrin náà kéré, ó gbẹ, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ò gbẹ rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń pè é náà ló ti ń ṣe jẹun láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge: ó ń rán àpò tìmùtìmù, ó ń ki òwú sínú rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí òwú náà má baà ṣù jọ síbì kan. Tí oníbàárà bá dé tó ní òun fẹ́ tìmùtìmù tó rọ̀ gan-an, á wo onítọ̀hún láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Ṣé o fẹ́ sùn ni àbí o fẹ́ rì?" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sì rà á, torí pé tìmùtìmù rẹ̀ kì í tẹ́ bọ̀rọ̀.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn, òun náà ló sì fẹ́. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó lè mọ ògiri láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnu rẹ̀ má sì sinmi. Tí ìyàwó bá sọ pé ògiri tí ọkọ mọ wọ́, ọkọ á ní ojú ìyàwó ló wọ́. Tí ọkọ bá sọ pé oúnjẹ ò dùn, ìyàwó á ní kó lọ jẹ sìmẹ́ńtì. Àwọn ayálégbé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé máa ń sáré jáde wá làjà. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí ìjà kankan níbẹ̀, pé báyìí ni tọkọtaya náà ṣe ń fẹ́ra wọn.

Àfi bí ẹ̀gbà ṣe kọlu ọkọ. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn sì lọ pátápátá. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wá di ẹni tó ń nà gbalaja sórí tìmùtìmù ìyàwó rẹ̀ tọ̀sántòru, tí kò lè sọ pé ẹ bu omi fún mi. Ohun tó ṣẹ́ kù fún un ni ojú. Ojú ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa: á ṣẹ́jú, á gbé ìpéǹpéjú sókè, á fi ìlàjì ẹnu tó yè rẹ́rìn-ín, á yínmú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tó bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí kò ní í rí kà lójú yẹn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti bíríkìlà yìí, ibẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ kù sí.

Ojú ìyàwó ni kò sí ńlẹ̀ mọ́ láti kà á. Awọ funfun kan ló ti ń bò ó lẹ́yinjú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní gílóòbù yàrá ni kò mọ́lẹ̀ tó, ó pààrọ̀ gílóòbù. Lẹ́yìn náà, ó ní àwọn tó ń ṣe òwú ìránṣọ ti di olè, wọn ò jẹ́ kí aró wọ òwú wọn mọ́. Ó di ọjọ́ tó rán apá aṣọ ọrùn ara rẹ̀ mọ́ tìmùtìmù oníbàárà, tó dìde láti lọ mumi, tí tìmùtìmù sì bá a dìde, kó tó gbà pé òun ni ọ̀ràn náà kàn. Nígbà tí ẹ̀gbà fi máa dé bá ọkọ, òjìji lásán nìyàwó ń rí.

Lálaalẹ́ ló ń jókòó tì í. Ọkọ á fi ọwọ́ òsì tó kù fún un tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á tẹ̀ ẹ́, á tún un tẹ̀. "Ó ń tẹ̀ mí lọ́wọ́," ló wí fún ọmọ wọn ọkùnrin, "àmọ́ ebi ni o, òùngbẹ ni o, èébú ni o, mi ò mọ̀. Ọwọ́ kan náà ló fi ń sọ gbogbo ẹ̀." Kò tọrọ owó, kò tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ohun tó ń wá ò ju kó tún rí ojú ọkọ rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè máa bú ara wọn lọ níbi tí wọ́n bá a dé.

Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Obìnrin ni dókítà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì ní àbùlà. Ó tan iná tóńtó kan sí i lẹ́yinjú, ó yẹ ọ̀tún wò, ó yẹ òsì wò, ó paná.

"Màmá, iṣẹ́ kékeré ni. Oògùn la máa kán sójú yín tẹ́ ẹ ò fi ní í mọ ìrora. A máa yọ awọ yẹn, a máa fi gíláàsì tín-ín-rín kan rọ́pò ẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ ní í sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà lẹ máa padà sílé lọ jẹun."

"Ṣé màá rí ojú èèyàn?"

"Ẹ máa rí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rí àti èyí tẹ́ ẹ ò fẹ́ rí."

Ìyá Onítìmùtìmù rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ẹni bí ara rẹ̀. Dókítà wá bi í bóyá àyà máa ń dùn ún, àbí èémí rẹ̀ máa ń gé tó bá ń gun àtẹ̀gùn.

"Àtẹ̀gùn kẹ̀? Ọkùnrin tó tóbi tó ìlọ́po méjì mi ni mò ń gbé dìde láràárọ̀, tí mò ń wẹ̀ fún, tí mo tún ń gbé padà."

"Ọkàn yín le nìyẹn. Tí ẹ bá ní àyà ń dùn yín ni, ǹ bá ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa ṣe ojú ọ̀tún ná."

Ó délé, ó rò fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ débi tí egungun fẹ́ẹ̀ dún. Lọ́jọ́ yẹn, kò nílò ojú kó tó mọ̀ pé ebi kọ́ ló ń pa á.

A ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Ọmọkùnrin wọn, àkọ́bí wọn, ilé ìwòsàn yẹn gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí wọ́n bá pè é ní dókítà láàárín ìgboro, kì í pẹ́ dáhùn. Ẹ̀rọ kan ló ń lò, èyí tí wọ́n ń so wáyà rẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀ àti láyà, tí á sì máa ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Ọ̀gá Wáyà ni gbogbo ọsibítù ń pè é. Iṣẹ́ gidi niṣẹ́ náà. Ẹni tí àyà ń fún pinpin, ẹ̀rọ yẹn lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣẹ̀sín. Ẹni tó jókòó tì í là ń wí.

Ọ̀gá Wáyà àti ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n jọ fìdí òfin kan múlẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà díẹ̀, abẹ kankan ò gbọdọ̀ kàn án láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ so wáyà. Ẹ wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó fẹ́ gé kókó ọrùn wà níbẹ̀. Ẹni tí èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó fẹ́ yọ eyín wà níbẹ̀ náà, tó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù, tó ń fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Bàbá yẹn bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló pa eyín òun pọ̀ mọ́ ọkàn. Ọ̀gá Wáyà ní, "Bàbá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Òwe ńlá ni, ó sì pa bàbá lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi òwe kan ṣoṣo dáhùn gbogbo ìbéèrè, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò tíì dáhùn ọ̀kan.

Nígbà tó gbọ́ pé ìyá òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú láìgba ọ̀dọ̀ òun kọjá, inú rẹ̀ ò dùn.

"Màmá, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tèmi ló fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìso wáyà? Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Wọ́n á sọ pé ojú ló ń dùn mí. Ta ló wá sọ ti àyà fún ẹ?"

"Ọkàn ló gbé ojú ró, Màmá."

"Bàtà náà ló gbé ẹsẹ̀ ró. Lọ so wáyà mọ́ bàtà mi, kó o fi mí sílẹ̀."

Dókítà ojú alára lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ìwé yẹn ṣe? Tó bá dáa, màá ṣiṣẹ́ mi. Tí kò bá dáa, màá ṣì ṣiṣẹ́ mi, torí oògùn kíkán ni mo fẹ́ lò, mi ò fẹ́ kun ìyá yìí lóorun. Ìwé tí kò lè yí nǹkan kan padà, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Òfin ni, dókítà."

"Kí ni ìdí òfin?"

"Òfin ni."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ilé ìwòsàn kì í ṣe ilé ẹnì kan, dókítà ojú ò sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Wọ́n fa Ìyá Onítìmùtìmù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ibi tí ẹ̀gàn wà gan-an la dé yìí. Ẹni tó kọ́ Ọ̀gá Wáyà níṣẹ́, kò fi ọ̀tún àti òsì aláìsàn kọ́ ọ. Ọwọ́ Ọ̀gá Wáyà fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Ó ní kó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kó kọjú sí aláìsàn, kó wá máa wí pé: pupa, ọwọ́ òsì mi; yẹ́lò, ọwọ́ ọ̀tún mi. Ẹni tó bá kọjú sí ọ, òsì tìrẹ ni ọ̀tún tirẹ̀, nítorí náà wáyà pupa á bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún aláìsàn níbi tó yẹ kó wà. Ọdún gorí ọdún, kò kùnà rí. Ohun tí kò bá sì kùnà rí, Ọ̀gá Wáyà ò rí ìdí tó fi máa ro ìdí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló wá nà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, ó sì di dandan kó ṣí àyà. Ọkùnrin tó ti rí oríṣiríṣi àyà láyé wá ń wolẹ̀. Ojú tì í láti rí àyà tó mu. Kò sí ohun tó burú nínú ìtìjú, ọmọlúàbí ló ń ní in. Nọ́ọ̀sì obìnrin méjì wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ọ̀kan nínú wọn ì bá ṣe é kíá. Àmọ́ Ọ̀gá Wáyà kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀, ì báà jẹ́ láti nù ún. Ó da ìró bo ìyá rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn orí rẹ̀, ó kọ ojú sí ògiri tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ méjèèjì gba orí èjìká ìyá kọjá. Pupa, ọwọ́ òsì mi. Yẹ́lò, ọwọ́ ọ̀tún mi.

Ọmọdé tó bá ti tò sẹ́yìn ẹnì kan rí nílé ìwé mọ̀ pé òsì ẹni tó wà lẹ́yìn àti òsì ẹni tó wà níwájú, òsì kan náà ni. Ọ̀gá Wáyà ò mọ̀. Wáyà ọ̀tún bọ́ sí òsì, tòsì bọ́ sí ọ̀tún. Ẹ̀rọ ò mọ ìyá ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n bá fún un ló ń yà. Ìlà tó yẹ kó gòkè sọ̀ kalẹ̀, ó yí dorí kodò látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Wọ́n gbé ìwé náà fún dókítà ọkàn, ọkùnrin kan tó máa ń ka ìwé láti òwúrọ̀ láìrí ẹni tó ni ín. Ó wò ó, ó mi orí. Ó ní ó jọ pé apá kan ọkàn ìyá yìí ti kú nígbà kan rí láìsí ẹni tó mọ̀. Kí wọ́n dá iṣẹ́ ojú dúró ná.

Ọ̀gá Wáyà gbé ìròyìn wálé. Jìnnìjìnnì bò ó lóòótọ́, àmọ́ ó ṣòro fún un láti pa ìdùnnú mọ́ra. "Màmá, ẹ rí i báyìí? Ká ní mi ò so wáyà ńkọ́?"

"Ká ní o ò so ó, ǹ bá ti máa rí ẹ. Ìyẹn nìkan ni ì bá burú ńbẹ̀."

Wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Ta ló tún un ṣe? Ọ̀gá Wáyà náà ni, lẹ́yìn orí kan náà, tó kọjú sí ògiri kan náà. Ìlà tún dorí kodò. Dókítà ọkàn ní èkejì ti jẹ́rìí sí èkíní, bí ẹni pé èké ò lè purọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n lọ fi ẹ̀rọ kejì wo ọkàn náà, èyí tó ń fi àwòrán rẹ̀ hàn. Ẹ̀rọ kejì ti bàjẹ́. Ẹni tó ń tún un ṣe ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní kí Màmá máa ní sùúrù.

Sùúrù yẹn ló sọ ilé di nǹkan míì. Ọ̀gá Wáyà ní ìyá òun ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Obìnrin tó ń gbé ọkùnrin fìrìgbọ̀n láràárọ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ló wá ń yà wá láàárọ̀ láti gbé bàbá rẹ̀ dìde, pẹ̀lú ìkánjú, bí ẹni tó ń já ẹrù. Ó yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ ìyá rẹ̀. Ó kó oògùn dé, oògùn ń fa òòyì, ó ní òòyì yẹn gan-an ló fi hàn pé ọkàn ò dáa. Àwọn ará ilé ń wọlé wá kí i, ohùn wọn ti rọ̀ bíi ti ẹni tó ń kí opó. "Màmá, ẹ kú ìfaradà o." Ó bi ọ̀kan nínú wọn pé kí lòun ń fara dà. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, àmọ́ àwọn wọ̀nyí tún já ju bẹ́ẹ̀ lọ: ojú ló ń fọ́, àyà ni wọ́n ń dì.

Ohun tó bí i nínú jù lọ ni pé òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Láàárín ọ̀sán, tí ilé bá pa lọ́lọ́, á gbé ọwọ́ lé àyà, á máa tẹ́tí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Tó bá ti mọ ohun tó ń ṣe, á fa ọwọ́ yọ, á sì pòṣé.

Lásìkò yẹn ni ara ọkọ rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́ lálaalẹ́. Kò sinmi mọ́. Ó ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Á tẹ ìyàwó lọ́wọ́, á jù ú sílẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó á gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e lójú, á máa tọ ibẹ̀ kiri: iwájú orí ń hunjọ, ìpéǹpéjú ń gbọ̀n, ìlàjì ẹnu ń lọ sókè sódò. Ìka tó lè mọ òwú tó ṣù láti ẹ̀yìn aṣọ nípọn, kò rí ohun kankan kà lójú ẹni tó ti ń wò láti ìgbà èwe. "Dúró ná," á máa wí fún un. "Wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ojú mi. Má tíì sọ ọ́. Dúró dè mí."

Ọmọ wọn, tó tún máa ń padà wá lálaalẹ́, á ti jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ní ọ̀gangan ibi tí bàbá kọjú sí, tí gílóòbù ń tàn sí àwọn méjèèjì lójú. Ìwé ọkàn ìyá rẹ̀ á wà lórí itan rẹ̀, á máa fi ìka tọ ìlà rẹ̀, á máa ṣàlàyé ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ fún obìnrin tí kò rí ìwé, tí kò rí ìlà, tí kò sì bi í.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ kú. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nílé. Ọwọ́ ìyàwó wà lójú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ẹnu náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òun, ó ń ṣiṣẹ́ kíkan kíkan, ó sì pẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ro ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ kó sì rò ó parí. Lẹ́yìn náà, ó dáwọ́ dúró.

Ìyá Onítìmùtìmù ò ké. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Mi ò gbọ́," ló wí. "Tún un sọ. Jọ̀ọ́, tún un sọ." Ó ń wí i títí ara náà fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹkún tó dé, àwọn ará ilé sì gbọ́ ọ láti ìta.

Wọ́n sin ín. Ọkàn tí wọ́n ní apá kan rẹ̀ ti kú gbé obìnrin náà dé ibojì, ó gbé e dúró títí wọ́n fi da yẹ̀pẹ̀ tán, ó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e padà wálé. Kò dákú, kò sì yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ kó má ṣubú, kò sẹ́ni tó fi ìyẹn ro nǹkan kan.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ gba Ọ̀gá Wáyà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọmọbìnrin kan ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ. Dókítà ọkàn ránṣẹ́ pe Ìyá Onítìmùtìmù pé kó wá so wáyà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá ì bá má lọ, ayálégbé kan ló fà á lọ́wọ́ lọ. Ọmọbìnrin náà kí i, ó ní kó nà sílẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀, ó tú aṣọ rẹ̀ bí obìnrin ṣe ń tú aṣọ obìnrin, ó so wáyà. Ọkàn náà lọ tààrà lórí ìwé. Ó lọ bí ọkàn ẹni tó ń gbé ọkọ rẹ̀ dìde láràárọ̀ ṣe máa ń lọ.

Dókítà ọkàn to àwọn ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n mú ẹni tó ni ọkàn wọlé. Ó rí ohun tó yẹ kó ti rí lọ́jọ́ kìíní.

"Wọ́n pààrọ̀ wáyà ọwọ́ yín méjèèjì ni, Màmá. Ọkàn yín ò ṣe nǹkan kan, kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan rí. Ẹ má bínú. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀."

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ló ṣẹlẹ̀ sí?"

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gègé. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ tí ilé ìwòsàn rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà: láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ òfin tuntun mọ́ ilẹ̀kùn, pé láti dènà àṣìṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n máa so wáyà fún gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré. Bàbá eléyín ṣì ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n sọ fún Ọ̀gá Wáyà. Kò kọ́kọ́ gbà, ó ní ọwọ́ òun ò ṣì rí. Ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró sẹ́yìn orí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ó na ọwọ́ méjèèjì jáde.

Iṣẹ́ ojú náà rí bí dókítà ojú ṣe wí gan-an. Ó kán oògùn, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, ó fi aṣọ funfun bo ojú náà. Kò pẹ́ tó àsìkò tí wọ́n fi ń se ìrẹsì jinná. Dókítà ò dápàárá lọ́tẹ̀ yìí. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ó ń dùn ún, ìyá ní ibẹ̀ yẹn kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí aṣọ náà. Ìmọ́lẹ̀ ya wọlé. Ìyá Onítìmùtìmù rí ọ̀dà ògiri tó ń bó. Ó rí ojú dókítà, ó kéré ju ohùn rẹ̀ lọ. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì yí i síbí sọ́hùn-ún, torí pé kò mọ̀ pé ó ti gbó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó di fìlà mú níwájú bíi tọkùnrin tí wọ́n pè sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Màmá," ló wí, "ṣé ẹ rí mi?"

"Sún mọ́bí."

Ó sún mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó wò ó. Iwájú orí bàbá rẹ̀ ló gbé, ẹnu bàbá rẹ̀ náà ni, kìkì pé ti bàbá rẹ̀ kì í dákẹ́. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni obìnrin yìí ti ń kó èébú jọ de ọjọ́ yìí, òmíràn nínú wọn ì bá ba ọkùnrin kan láyé jẹ́. Nígbà tó lanu, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì bú u.

"O wà níbẹ̀ lálaalẹ́," ó ní. "Ojú ẹ ò dùn ẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ ló kọjú sí. Kí ni bàbá ẹ ń sọ?"

Ọ̀gá Wáyà lanu. Ó wá a nínú orí rẹ̀. Ó rántí orúkọ oògùn. Ó rántí ìlà tó gòkè àti ìlà tó sọ̀ kalẹ̀, ó lè yà wọ́n lójú oorun. Ó rántí bí àga yẹn ṣe ń dún lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ò jù ú sílẹ̀, ó ń fi ojú tuntun náà wò ó láìṣẹ́jú, ó ń dúró.

"Màmá," ó ní nígbẹ̀yìn, "mi ò wò ó."